Okùn Ààlà Inú Yàrá Àárín

Mi ò ní búra fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rin ọ̀nà jìnnà, mo ti sun inú àká, mo ti sun abẹ́ afárá, mo sì ti pa irọ́ tó tó mi í jẹun. Èyí kò sí lára wọn. Irọ́ máa ń ní ìdí, ó sì máa ń ní ìparí, torí ẹni tó ń pa á fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ojú mi ló rí i. Ọwọ́ mi ló kàn án.

Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní láyé, obìnrin ni. Orí ààlà ló fẹ́ ọkọ sí. Ilé wọn wà láàárín ìjọba méjì gan-an. Ẹnu ọ̀nà iwájú kọjú sí ilẹ̀ Ọba Òkè. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kọjú sí ilẹ̀ Ọba Odò. Àwọn ọba méjèèjì kò rẹ́ rí. Àwọn baba wọn pàápàá kò rẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n sì ń jà lé lórí, ewúrẹ́ tí ebi ń pa kò ní yà síbẹ̀. Òkúta ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọ́ ni ọba ń bá ọba jà sí. Ọba ń jà kí ẹnì kan má baà sọ pé òun ló kọ́kọ́ sún sẹ́yìn.

Ọkọ àbúrò mi ni awọnlẹ̀ Ọba Òkè. Tantan ni wọ́n ń pè é, torí tó bá fa okùn, okùn náà kì í dẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í jà, kì í sì í gbàgbé nǹkan.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọn ààlà lọ́dọ̀ wọn. Awọnlẹ̀ Òkè á fa okùn bọ̀ láti ìdí òkúta tiẹ̀. Awọnlẹ̀ Odò á fa tiẹ̀ bọ̀ láti ìdí òkúta tiẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n á ta okùn méjèèjì ní kókó. Ibi tí kókó bá wà ni ààlà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jùwọ́ sílẹ̀ nínú wọn títí àwọn ọ̀gágun méjèèjì á fi kígbe pé àwọn ti rí kókó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jùwọ́ sílẹ̀, ọba rẹ̀ ló jọ̀wọ́ ilẹ̀. Òfin yẹn ti wà kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni tó ń pa á mọ́.

Mo dé ilé wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kùrukùrù bo ilẹ̀. Àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ wo ẹni tó ń bọ̀. Ṣé ẹsẹ̀ yín ṣìnà ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ebi ló júwe ọ̀nà fún mi."

"Ebi mà kú iṣẹ́ o. Òun nìkan ló ń bá mi rán yín létí."

Tantan rẹ́rìn-ín nínú ilé. "Aláròyé, jẹ́ kí àna mi jókòó ná kí o tó ka ẹjọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀."

Ìgbà tí kùrukùrù ká ni mo tó rí ohun tó wà níta. Ọmọ ogun ni, wọ́n tò lọ bí ọgbà. Àgbá ìbọn ńlá kan wà láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ilé. Mo lọ wo ẹ̀yìn. Ọmọ ogun Odò náà tò síbẹ̀. Àgbá tiwọn náà wà níbẹ̀.

"Kí ni àgbá ń wá?" mo bi í.

"Ó wá wo okùn," ni Tantan wí.

"Àgbá ń wo okùn?"

"Ọba ló rán an. Odò ní àwa la sún òkúta. Àwa ní Odò ló sún un. Wọ́n ní ká tún un wọ̀n." Ó ń wé okùn mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. "Bí a ṣe wò ó, inú yàrá àárín la ti máa pàdé."

"Yàrá tèmi?" ni àbúrò mi wí. "Tí ẹnikẹ́ni bá fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ẹní mi, ogun tèmi lẹ máa kọ́kọ́ jà."

Ilé náà ò ṣòro ó mọ̀. Yàrá mẹ́ta ló tẹ̀lé ara wọn: pálọ̀ níwájú, yàrá àárín, ilé ìdáná lẹ́yìn. Yàrá àárín kò ní fèrèsé. Ẹní àti àpótí ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ méjèèjì. Àdéhùn sì ni pé ẹsẹ̀ ọmọ ogun kò gbọ́dọ̀ tẹ inú ilé náà, ìbáà jẹ́ láti iwájú, ìbáà jẹ́ láti ẹ̀yìn. Tó bá tẹ̀ ẹ́, ogun dé nìyẹn.

Nígbà tí oòrùn gòkè, Tantan fa okùn rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní pálọ̀. Okùn náà nà láti ìta dé ìbàdí rẹ̀. Ó ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀.

"Tí mo bá ṣe tán, mo máa sùn títí di ọ̀la."

"Tí o bá ṣe tán, igi ìdáná ń dúró dè ọ́."

Ó gbé aṣọ, ó wọlé. Aṣọ bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

A gbọ́ ẹsẹ̀ awọnlẹ̀ kejì láti ilé ìdáná. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe òun, torí ẹ̀rín ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. A gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín.

"Tantan! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mú tìrẹ wá ká so ó, kí n lọ la igi."

Ẹlẹ́rìn-ín tún bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò parí. Ó gé, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọmọrí dé ìkòkò.

A dúró.

Okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, kò gbọ̀n mọ́. Kò dẹ̀. Ó kàn dákẹ́.

"Tantan?" ni àbúrò mi pè.

Kò sóhùn. Ó gbé aṣọ náà.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá.

Okùn ti iwájú wọlé, ó nà tantan, ó dúró nínú afẹ́fẹ́. Kò sí ọwọ́ tó dì í mú. Okùn ti ẹ̀yìn náà wọlé, ó nà, ó dúró. Láàárín orí méjèèjì, àlàfo kan wà tí kò fẹ̀ ju ẹní lọ. Tí mo bá tẹjú mọ́ àlàfo yẹn, ojú mi á yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, á bọ́ sára ògiri. Mo ju ṣíbí kan sí i. A ò gbọ́ kó bọ́lẹ̀. A ò sì rí i mọ́.

Àbúrò mi fi igbe ta. Igbe yẹn ló bà á jẹ́.

Ọ̀gágun Òkè dé ẹnu ọ̀nà iwájú, ó dúró ní ìta. "Awọnlẹ̀ mi dà?"

Ọ̀gágun Odò dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ la ilé já. "Tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde!"

"Ẹ ti jí i gbé!"

"Ẹ̀yin lẹ jí i gbé! Olè ń pe olóko lólè!"

Orí wa ni ọ̀rọ̀ náà ń fò kọjá. Mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú, mo ní ká jáde. Ní ẹnu ọ̀nà iwájú, ẹnu ìbọn ló kí wa.

"Ẹ padà sínú," ni Ọ̀gágun Òkè wí. "Ẹni tó bá jáde sọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní èmi ni mo fà á jáde."

A lọ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìbọn mìíràn.

A padà sí pálọ̀, a jókòó. Ilé tí mo ti jẹun lówùúrọ̀ ti di pańpẹ́. Mo ti ṣẹ̀wọ̀n rí, mo mọ bí ara ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Níbí, ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Oòrùn rékọjá àtàrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sápá ẹ̀yìn. Òjìji ilé bẹ̀rẹ̀ sí í nà síwájú. Ọ̀gágun Òkè fi ọ̀pá rẹ̀ júwe.

"Obìnrin, ṣé o rí òjìji yẹn? Tó bá kan ìdí àgbá yìí tí awọnlẹ̀ mi ò tíì jáde, àgbá á sọ̀rọ̀."

Ọ̀gágun Odò gbọ́. "Tí tiyín bá sọ̀rọ̀, tiwa ò ya odi!"

Àbúrò mi ń wo òjìji náà. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, kò kánjú. Ó dé orí òkúta. Ó kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Ẹ bá mi mú un wá. Mi ò bẹ̀ yín ní nǹkan rí."

Òótọ́ ni. Kò bẹ̀ mí rí. Ó bú mi ni, ó fún mi lóúnjẹ. Kò sì sí ọba tó lè sọ pé tòun ni mí. Mo dìde.

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó so ó mọ́ mi nídìí, ó di orí kejì mú. "Tí ẹ bá fà á, mo máa fà yín. Ẹ má ṣe akin kankan níbẹ̀."

"Ta ló ní akin?"

Mo gbá okùn Tantan mú, mo tọ̀ ọ́ lọ. Mo wọ inú àlàfo náà.

Òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe ti alẹ́. Alẹ́ máa ń dún. Èyí dà bí inú ẹnu tí wọ́n pa dé. Mo gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi. Mo gbọ́ eyín mi tó ń kan ara wọn. Mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ọwọ́ mi tọ okùn lọ. Ó kan ọwọ́ kan. Ó gbóná. Mo mọ̀ ọ́n, torí okùn tó wé mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Tantan."

"Àna." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ mà wá."

"Jùwọ́ sílẹ̀ ká máa lọ. Àgbá fẹ́ yìn."

"Kí òun kọ́kọ́ jùwọ́ sílẹ̀."

Láti apá kejì, Ẹlẹ́rìn-ín fèsì. Kò rẹ́rìn-ín. "Kí òun kọ́kọ́."

"Ẹ jọ jùwọ́ sílẹ̀ pọ̀!"

"Ta ló máa rí wa pé pọ̀ ni?" ni Tantan wí.

Mo nawọ́ kọjá tirẹ̀ kí n lè rí ibi tí mo ti máa yọ okùn náà. Ọwọ́ mìíràn wà níbẹ̀.

Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ kejì ni. Ó tutù. Mo tún nawọ́ síwájú. Ọwọ́ tún wà níbẹ̀. Ó gbẹ bí èèpo igi. Òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ìka rẹ̀ ti wọ inú okùn, okùn ti wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ tẹ̀lé ọwọ́, lọ sí ibi tí apá mi ò tó. Gbogbo wọn dì í mú. Gbogbo wọn ń mí.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, wúyẹ́wúyẹ́, láti ọ̀tún àti òsì, ohùn àgbà, ohùn ọ̀dọ́.

"Kí òun kọ́kọ́."

"Kí òun kọ́kọ́."

Ìtọ̀ bọ́ lára mi. N kò tijú láti sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí náà ló wá sí mi lẹ́nu. Mo pariwo.

"Wọ́n ti rí i! Ọ̀gágun méjèèjì ti rí kókó! Ẹ jùwọ́ sílẹ̀, ó ti parí!"

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Tantan fi ẹnu kàn mí létí. Mo gbọ́ ẹ̀rín díẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. "Àna, mo mọ̀ yín o. Irọ́ ni."

Kò jùwọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀ mí. Mo gbọ́ tí okùn dún lójijì. Ọwọ́ kan já, ó gbá mi ní ọrùn ọwọ́ mú. Ó tutù. Mo fa ìborùn. Àbúrò mi fà mí.

A ṣubú sórí ẹní, èmi àti ẹnì kan. Nínú ilé ìdáná, nǹkan kan ṣubú gbì. Ariwo ayọ̀ sọ ní ìta Odò: "Ó ti jáde! Ẹlẹ́rìn-ín ti jáde!"

Mo yíjú. Tantan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Imú rẹ̀ ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ ni. Aṣọ tó wọ̀ lówùúrọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rò pé ó ti yí ọkàn padà. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o fẹ́ pa mí." Àbúrò mi ti dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń bú u.

Ọkùnrin náà kò dì mọ́ ọn. Ó ń wo òrùlé. Ó ń wo ògiri. Ó fọwọ́ kan ògiri bí ẹni pé ó lè jó òun.

"Ta ló kọ́ ilé sórí ààlà?" ó wí.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. "Ìwọ kọ́? Ṣé èmi ni mo ru bíríkì?"

Ọkùnrin náà wò ó. Ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò ṣe bí ọkọ rárá. Ó ṣe bí àlejò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Pápá ni ibí nígbà tí mo fa okùn wọlé. Igi kan ló wà níbí. Ọba wo ló wà lórí oyè báyìí?"

Àbúrò mi yọwọ́ lára rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Mo gbọ́ tí wọ́n ní àwọn ti rí i," ni ọkùnrin náà wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹnì kan pariwo. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo tú ìborùn kúrò nídìí mi.

Ọ̀gágun Òkè ti dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀, òjìji ilé ti kan ẹnu àgbá, kò tíì dé ìdí rẹ̀. Ọmọ ogun kan ti di iná mú lórí igi. Ọ̀gágun náà ń fojú wá inú ilé.

"Obìnrin! Mo rí ọkùnrin kan níbẹ̀. Ṣé ọkọ rẹ nìyẹn?"

 Àbúrò mi rọra bá mi sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì.

"Ẹ̀gbọ́n, òun kọ́."

"Mo mọ̀."

"Òun gan-an ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó di okùn mú."

"Kí ló dé tí kò tẹ̀lé yín?"

"Ó mọ̀ mí jù."

Ó wo yàrá àárín. Okùn méjèèjì ṣì nà nínú afẹ́fẹ́. Mo mọ ohun tó ń rò, torí ó hàn lójú rẹ̀ kedere. Tó bá ní òun kọ́, àgbá á sọ̀rọ̀, ilé á wó, gbogbo ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á sì kú sórí òkúta. Tó bá ní òun ni, kò sẹ́ni tó tún máa wá ọkọ rẹ̀ lọ láé.

"Obìnrin! Mo ní ṣé òun ni?"

Ní ẹ̀yìn ilé, mo gbọ́ Ọ̀gágun Odò. Ó ń bi obìnrin kan ní ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè wá ni. Òun náà kò tíì dáhùn.

 Àbúrò mi wo òjìji tó wà lára àgbá.

"Òun ni," ni àbúrò mi wí.

 Láti ẹ̀yìn, ohùn tinrín kan wá. "Òun ni."

Wọ́n pa iná. Wọ́n yí ẹnu àgbá padà. Àwọn ọmọ ogun ń fò sókè, wọ́n ń pe orúkọ ọba wọn, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pariwo pé àwọn ló borí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀gágun méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan: kí wọ́n mọ yàrá náà pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Birikilà Odò kan mọ ti ẹ̀yìn. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ iṣẹ́ ọwọ́. Mo ti ṣe iṣẹ́ bíríkì ní ibi púpọ̀. Èmi ni mo mọ ti iwájú.

Àbúrò mi ń po yẹ̀pẹ̀ fún mi.  Mi ò rí i kó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ògiri gòkè dé ìbàdí, ó dé àyà, ó dé ojú. Ó ku ihò kan ṣoṣo. Ó ní kí n dúró. Ó gun àpótí, ó fi ẹnu sí ihò náà.

"Má dá wọn lóhùn," ó wí. "Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́ níbẹ̀, má dá wọn lóhùn. Tí kì í bá ṣe èmi, má jùwọ́ sílẹ̀."

A tẹ́tí. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan ń ti inú ihò náà jáde sí i lójú. Ó gbóná. Ó ń jáde, ó ń dúró, ó tún ń jáde.

"Kí lẹ ń dúró dè?" ni Ọ̀gágun wí láti ẹnu ọ̀nà.

Mo fi bíríkì dí i.

Ogun kò jà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí n máa lọ, bí ìṣe mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ ohun tó dì mí mú. Mo ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọkùnrin náà wà lọ́dọ̀ wa. Ó ń la igi, ó ń pọn omi, kì í ké mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kan, àbúrò mi bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ronú títí, òógùn bò ó. Kò rántí. Ó ní ká máa fi èyí tó wà nílẹ̀, Tantan, pe òun.

Àbúrò mi kò fi pè é. Ògiri ló ń fi pè.